Ohun Tí Mátíù Sọ Lẹ́nu Géètì

Asẹ́ ti gbé àwo fíìmù náà mì kí Ṣúbúọlá tó rántí ibi tó wà. Ẹnu ẹ̀rọ náà pa dé pìmù, iná iwájú rẹ̀ kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ ewé, ohùn rẹ̀ sì jáde wẹ́rẹ́ bí ohùn ìyàwó tuntun tó ń kí ìyá ọkọ.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Mo ti rí i gbà. *Kérésì Nílé Alájà*. Ìfẹ́ mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Màá là á sí mẹ́sàn-án. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá pa odindi rẹ̀ rẹ́."

"Ta ló ní kó o là á?" Ṣúbúọlá fò dìde lórí àga. "Ohùn ni mo ní kó o bá mi tún ṣe! Ìṣẹ́jú kan péré tí ohùn ò sí níbẹ̀!"

"Ohunkóhun tó bá ti gba ẹnu mi wọlé ti di ti òfin, Mà. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni, òun ló kọ́ ọ. Ẹni tó mọ odò wẹ̀ lodò ń gbé lọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni Ṣúbúọlá ti fi jókòó ti ẹ̀rọ yìí ní Olókè-Tuntun, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sórí àpáta nígbà tí òkun gba etíkun lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wọn. Fíìmù àtijọ́ tí kò bá òfin mu kò sí èyí tí kò tíì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Òfin ọ̀hún kò ṣòroó gbọ́: ìtàn kan fún ẹnì kan. Wọ́n ní nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo wà nínú ilé, tọkọtaya a máa jà lé e lórí, ọmọ a máa sunkún, àlejò a máa fapá jánú. Kí ìjà lè tán, oníkálukú gba awo ojú tirẹ̀. Bó o bá fi awo náà sójú, ojú tìrẹ ni wàá rí lára ọba, ojú tìrẹ ni wàá rí lára ọkọ ìyàwó. Ìjà tán lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ sísọ láàárín èèyàn náà sì ń tán lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ àpótí aṣọ. Ohun tí Asẹ́ ò bá tíì fojú kàn, tó wà lábúlé lábẹ́ ìró àti bùbá, ẹnikẹ́ni kì í bi í léèrè. Bẹ́ẹ̀ ni àwo yìí ṣe wà ní Ìmọ́jọ, abúlé àwọn Ṣúbúọlá, fún ọgọ́ta ọdún. Ṣúbúọlá fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e láti Ìmọ́jọ wá sẹ́nu ẹkùn, ó ní kí ẹkùn bá òun yọ ẹ̀gún lára rẹ̀.

Fóònù etí rẹ̀ dún.

"Àṣàbí!" Bọ̀dá Ìlọ̀rí ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí kò tíì gbà láti ọjọ́ tó ti dáyé pé fóònù lè gbé ohùn bí èèyàn ò bá pariwo. "Ṣé ohùn Mátíù ti padà?"

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá mi. A ṣì wà lẹ́nu ẹ̀."

"Ẹ tètè ṣe o! A ti ta aṣọ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Oyèépé ti ń dín ṣíńṣín láti àná, ó ní ìfẹ́ Dọ́kítà lagboolé àwọn máa mú lọ́dún yìí, bí ẹni tó ti bá Ọlọ́run sọ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. "Àṣàbí. Má jẹ̀ẹ́ kí n tún dúró bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Mo gbọ́ yín, Bọ̀dá mi."

Ó mọ ohun tó ń wí. Agboolé mẹ́sàn-án ló wà ní Ìmọ́jọ, ìfẹ́ mẹ́sàn-án ló wà nínú fíìmù. Bí Kérésì bá ku ọ̀la, tí oòrùn bá ti ń wọ̀, agboolé kọ̀ọ̀kan a rán ẹnì kan wá mú bébà kan nínú fìlà àlùfáà. Ìfẹ́ tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ di tiwọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: wọn á máa súfèé fún un, wọn á máa bá a bínú, bí ìfẹ́ náà bá sì yọrí, agboolé yẹn á gbé àwo ṣíńṣín àti ẹran díndín káàkiri fún àwọn mẹ́jọ tó kù. Ẹni tó bá mú Mátíù ló ní iṣẹ́ tó le jù. Olùṣọ́ ẹnu géètì ni Mátíù, ó fẹ́ràn Nọ́ọ̀sì Wúrà tó ń gbé lókè kẹta. Nígbà tó wá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ jáde, ohùn fíìmù a pòórá fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nítorí pé ní ọdún tí àwo náà kọ́kọ́ wọ ìlú, ẹnì kan fi í ṣe ìdérí abọ́ ata. Agboolé tó mú Mátíù ló gbọ́dọ̀ dìde, kí wọ́n bá a sọ ohun tó ń sọ.

Ní èṣí, agboolé Bọ̀dá Ìlọ̀rí ló mú un. Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Morádéún, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lóṣù kẹwàá. Ó dìde níwájú gbogbo ìlú, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ìṣẹ́jú náà kọjá. Kò sẹ́ni tó jẹ ṣíńṣín mọ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ló gbé àwo náà fún àbúrò rẹ̀ pé, ẹ̀yin ará ìlú ńlá, ẹ bá wa wá ohùn ọkùnrin yìí rí, kó máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣúbúọlá fi í pamọ́ fún odindi ọdún, ẹ̀rù ń bà á. Àárọ̀ yìí ni ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n borí ọgbọ́n.

"Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ ń bá ẹ̀rọ jà?"

Láoyè ló wọlé, alábòójútó Ilé Asẹ́. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ìlú orí àpáta ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí, ara rẹ̀ mọ́ bí ìgò omi. Ó fẹ́ràn Ṣúbúọlá. Ó ní Ṣúbúọlá nìkan ni èèyàn tó máa ń dá òun lóhùn ní kíkún nínú ilé náà.

"Ọ̀gá mi, mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi," ló wí, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀.

Láoyè wo ìwé tí Asẹ́ kọ sára ògiri. "Ìfẹ́ mẹ́sàn-án nínú fíìmù kan? Ojú ta ni wọ́n wá fi sí i?"

"Ojú àwọn tó ṣe é ni."

"Mà, kí lèèyàn fẹ́ máa wo ìfẹ́ ẹlòmíràn fún? Nínú gbogbo fíìmù tí mo ti wò láyé mi, èmi ni ọkọ ìyàwó."

"Ẹ kú ìnáwó," ni Ìyá Dọ̀tun dá sí i. Ìyá Dọ̀tun ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀, awo ojú rẹ̀ wà lórí gèlè. "Ìyàwó mélòó lẹ wá ti kó jọ báyìí, sà?"

Láoyè rẹ́rìn-ín, ó ní kí Asẹ́ ka àbùkù fíìmù náà. Mọ́kàndínlógún ni.

"Àbùkù kìíní," ni Asẹ́ wí, "wákàtí méjì péré fún ìfẹ́ mẹ́sàn-án. Àwọn kan ò tíì mọ orúkọ ara wọn tán tí wọ́n fi ń jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbéyàwó."

"Òótọ́ ni," ni Ṣúbúọlá wí.

"Àbùkù kẹfà: Ọ̀gbẹ́ni Dẹ̀hìndé parọ́ fún ọmọbìnrin kan fún odindi ọdún. Ó sáré wọ pápákọ̀ òfuurufú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì dárí jì í."

"Òótọ́ ni. Ìyá mi máa ń pòṣé síbẹ̀ ni."

"Àbùkù kọkànlá: inú ilé tó dára ni gbogbo wọn ń gbé, kò sì sẹ́ni tá a rí níbi iṣẹ́. Olùṣọ́ nìkan ni tálákà, òun náà sì ni wọn ò fún lórúkọ bàbá. Ìgbà mẹ́ta péré la rí i."

"Òótọ́ ni," ni Ṣúbúọlá wí. "Ó dùn mí púpọ̀."

"Àbùkù kọkàndínlógún: òjò dídì rọ̀ ní Èkó."

Láoyè bú sẹ́rìn-ín. "Ní Èkó!"

"Ìfóòfó ọṣẹ ni. Ẹ ó rí ọwọ́ ẹni tó ń dà á látorí òrùlé."

"Ẹ wá gbà pé kò dáa, Mà. Ẹ jẹ́ kó là á."

"Ta ló sọ pé kò dáa? Mo ní ó lábùkù." Ṣúbúọlá jókòó. "Àbúrò bàbá mi kan wà, ìtàn kan náà ló máa ń sọ nígbà gbogbo. Á já a lójú ọ̀nà, á fọn imú láàárín, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, bá a bá kómọ lágboolé wa tí kò sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà pé a kómọ."

Asẹ́ tún sọ̀rọ̀, ó rọra. "Mà, mo ti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ. Mo ti ṣe ohùn fún Mátíù. Ẹ gbọ́."

Ohùn ọkùnrin kan jáde látinú ògiri, ó jinlẹ̀, ó gbọ̀n díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohùn ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Wúrà. Láti ọjọ́ tó o ti ń gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá, mi ò ṣọ́ ilé yìí mọ́. Ìwọ ni mò ń ṣọ́. Bó o bá kọ̀ mí, màá ṣì ṣílẹ̀kùn fún ọ lọ́la. Ṣùgbọ́n má kọ̀ mí."

Ìyá Dọ̀tun gbá ọwọ́ mọ́ àyà. Ẹ̀gbà ọwọ́ Ṣúbúọlá, tí ń ka ẹ̀rín àti ẹkún, dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú rẹ̀ ti rin. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè gan-an nìyí. Kó gbà bẹ́ẹ̀ ló kù. Wọn á la fíìmù náà sí mẹ́sàn-án, agboolé kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀ ní mímọ́ tónítóní, Mátíù á ní ogójì ìran dípò mẹ́ta, Bọ̀dá Ìlọ̀rí kò sì ní í dúró bẹ́ẹ̀ yẹn mọ́ láyé.

"Tún un sọ," ló wí.

Asẹ́ tún un sọ. Ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀.

"Lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Bákan náà ni, Mà. Títí ayé."

Ṣúbúọlá wo ilẹ̀. Ó rántí ọdún tí Ìyá Oyèépé mú Mátíù, tó ní kí Mátíù sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ ọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má fún mi lábẹ́rẹ́." Ìlú rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ ọdún tuntun. Ó rántí ọdún tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti agboolé Olúmọ dìde, tó pe orúkọ Adùnfẹ́ dípò Wúrà láìmọ̀, tí Adùnfẹ́ sì wà láàárín èrò. Wọ́n bímọ mẹ́rin báyìí. Ó rántí ohùn Bọ̀dá Ìlọ̀rí nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ tó mú Mátíù, àti Morádéún tó ń fi ìró bojú.

"Ọ̀gá Láoyè," ló wí, "mo fẹ́ tẹ Àbùkù lé e."

Ẹ̀rín kúrò lójú Láoyè. Àbùkù ni èdìdì dúdú tí wọ́n máa ń tẹ̀ lé ohun tí kò ṣeé tún ṣe. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lé, Asẹ́ á pọ̀ ọ́ jáde bó ṣe wà, olówó rẹ̀ á gbé e lọ. Kò sí ẹ̀rọ tó tún máa tọ́jú rẹ̀ tàbí dà á kọ mọ́. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Yóò sì wà lákọsílẹ̀, lábẹ́ orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, pé nǹkan náà kò yẹ fún ojú èèyàn.

"Mà, ẹ ti tẹ méjì rí. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yìn àga, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Asẹ́ sì ti sọ pé ó ṣeé tún ṣe, ẹ̀yin wá ń sọ pé kò ṣeé ṣe. Mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín. Kí ni màá sọ pé mo rí?"

"Ẹ wá wò ó, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ rí. Òfin gbà kí alábòójútó wò ó ní odindi kí ó tó fọwọ́ sí i." Ó yíjú. "Ìyá Dọ̀tun, ẹ gbé gèlè yín wá, a fẹ́ mú bébà."

Ni ó bá ya bébà sí mẹ́sàn-án, ó kọ ọ́, ó dà á sínú gèlè. Ìyá Dọ̀tun mú Láńlọ́ọ̀dù tí ìyàwó rẹ̀ ti kú àti tíṣà ilé kejì, ó jó yí ìgbálẹ̀ po. Ṣúbúọlá mú àwọn oníkéèkì méjì tí wọ́n ń bára wọn jowú. Láoyè na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ mú ejò. Mátíù ló mú.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀ lára ògiri. Nínú ìran àkọ́kọ́ rẹ̀, Mátíù ṣí géètì fún Nọ́ọ̀sì Wúrà nínú òjò, ó gba agbòòrùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó dá a padà. Ó tán.

"Ṣé ó tán ni?" ni Láoyè béèrè.

"Ẹ ní sùúrù."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ogún kọjá. "Mátíù dà? Ẹ̀yin ń jẹ ọbẹ̀ ẹran, èmi ń jẹ iyọ̀ lásán!"

"Iyọ̀ yẹn náà ló ń mú ọbẹ̀ dùn, sà," ni Ìyá Dọ̀tun wí, nítorí pé Láńlọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún tíṣà ní kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tó yá, Láoyè ṣíwọ́ ìráhùn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun kan. Bí Dọ́kítà bá ń bínú jáde, ẹnì kan ló ń ṣí géètì. Bí kéèkì bá jóná tí wọ́n ń gbé e sá jáde, ẹnì kan ló ń ṣí géètì. Dẹ̀hìndé òpùrọ́ sáré lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ẹnì kan ti ṣí géètì kó tó dé ibẹ̀. Apá nìkan la máa ń rí nígbà mìíràn, tàbí etí fìlà. Gbogbo ìfẹ́ inú ilé náà, ọwọ́ ọkùnrin yìí ni wọ́n ń gbà kọjá.

"Bí Asẹ́ bá là á sí mẹ́sàn-án," ni Láoyè wí jẹ́ẹ́, "ta ló máa ṣí géètì nínú mẹ́jọ tó kù?"

"Géètì á máa ṣí fúnra rẹ̀, sà," ni Asẹ́ dáhùn. "Mo ti ṣètò rẹ̀."

Nínú ìran kejì, Wúrà já ọsàn sí méjì, ó fún Mátíù ní ìlàjì. Láoyè tẹ̀ síwájú lórí àga. Nínú ìran kẹta, Mátíù dúró lẹ́nu géètì, Wúrà ti fẹ́ kọjá, ọkùnrin náà la ẹnu, ohùn sì lọ. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Wúrà yíjú padà, ó fi ọwọ́ kan irin géètì, ojú rẹ̀ yí padà pátápátá. Lẹ́yìn náà ìfóòfó ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti òkè.

"Ó sọ kí ni?" Láoyè ti dìde. "Mà, kí ló sọ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Ó ní òun á fẹ́ ẹ lóṣù tó ń bọ̀," ni Ìyá Dọ̀tun wí.

"Rárá o!" ni Láoyè wí. "Ẹ ò rí bó ṣe wo ilẹ̀? Àforíjì ló ń tọrọ."

"Àforíjì kí ni? Kí ló ṣe?"

Wọ́n ń jà. Ó pẹ́ tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ilé Asẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbà ọwọ́ Láoyè ń dún, ó ń dún, kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ nígbà tí Ṣúbúọlá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sórí èdìdì dúdú náà, Láoyè sì tẹ tirẹ̀ tì í. Lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdí rẹ̀, Ṣúbúọlá kọ gbogbo àbùkù mọ́kàndínlógún náà láìfi ọ̀kan pamọ́, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kò sí èyí tó ṣeé tún ṣe. Asẹ́ pọ àwo jáde.

"Ó dùn mí, Mà," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ohùn yẹn dára."

"Ó dára púpọ̀," ni Ṣúbúọlá wí. Ó nu orí ẹ̀rọ náà bí èèyàn ṣe máa ń nu orí ọmọ, ó kó ife omi rẹ̀ àti bàtà ìgbà òtútù rẹ̀ kúrò lábẹ́ àga, ó jáde.

Ọkọ̀ okùn ló gbé wọn sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta. Láoyè ló ní òun á sìn ín dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, ó ní òun á sìn ín dé oríta. Ní oríta, kò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn ń bọ̀. Ọyẹ́ ti sọ gbogbo ewé di funfun. Aṣọ ńlá ń fẹ́ lélẹ̀lélẹ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Ìmọ́jọ, èrò ti pé, wọ́n ti mú bébà tán nítorí pé Ìyá Oyèépé kò lè dúró. Láńlọ́ọ̀dù ló mú, ó ń bínú.

"Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?" ni Bọ̀dá Ìlọ̀rí béèrè. Bébà ká sọ́wọ́ rẹ̀. Ṣúbúọlá kò ní láti kà á kó tó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Kò tíì sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin àgbà náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó wo àjèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ta nìyí?"

"Ọ̀gá mi ni títí di òní. Láoyè."

"Mo kí yín, sà," ni Láoyè wí, ó dọ̀bálẹ̀ lọ́nà tí wọ́n fi ń dọ̀bálẹ̀ nínú awo ojú, èyí tó tẹ́jú jù. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. "Sà, bó bá ṣe pé kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́... mo ti ń ro ọ̀rọ̀ kan bọ̀ lọ́nà."

Bọ̀dá Ìlọ̀rí fi ọwọ́ pè é kó jókòó ti òun.

Fíìmù ń lọ. Wọ́n súfèé fún Dọ́kítà, wọ́n pòṣé sí Dẹ̀hìndé, kéèkì jóná, ṣíńṣín bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri. Nígbà tó wá kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú tán, Mátíù yọ sára aṣọ náà, ó dúró lẹ́nu géètì, Wúrà ń bọ̀. Mátíù la ẹnu, ohùn lọ. Gbogbo Ìmọ́jọ dákẹ́ rọ́rọ́, títí kan àwọn ewúrẹ́.

Láoyè dìde dé ìdajì. Ọwọ́ kan bọ́ sí èjìká rẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́ padà sórí ìjókòó, ẹni tó ni ọwọ́ náà sì lo èjìká rẹ̀ láti fi gbé ara rẹ̀ dìde.

"Wúrà," ni Bọ̀dá Ìlọ̀rí wí. "Mo mọ̀ pé ò ń lọ. Mi ò ní ní kó o má lọ. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ pé mo ti ṣí géètì, mi ò sì ní í tì í."

Lára aṣọ, Wúrà yíjú padà, ó fi ọwọ́ kan irin géètì. Ìfóòfó ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ọwọ́ ẹni tó ń dà á hàn kedere lórí òrùlé, gbogbo ìlú sì hó yèè fún òjò dídì tí kò rọ̀ ní Èkó rí. Bọ̀dá Ìlọ̀rí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àwo ṣíńṣín agboolé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in lọ́wọ́ ọ̀tún.

Láoyè fi apá nu ojú. Ó tẹ̀ sọ́dọ̀ Ṣúbúọlá. "Mà, ṣé ohun tí Mátíù sọ nìyẹn lóòótọ́?"

Ṣúbúọlá mú ṣíńṣín kan, ó fi òmíràn sí i lọ́wọ́.

"Ti ọdún yìí nìyẹn," ló wí.